Ìbéèrè Kọkànlélógójì

"Ìbéèrè kẹtàdínlógójì," ni Akọ́lé wí. "Iyán tí ojú eyín ènìyàn ti wà lára rẹ̀, ṣé kí a gé ibẹ̀ dànù ni, àbí kí a pò ó mọ́ ìyókù?"

Arínpé gbé ife omi tó fẹ́ mu padà sórí tábìlì. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti ń bi í ní ìbéèrè. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ṣeé gbọ́ sétí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún dá lórí ọbẹ̀ tí ẹnìkan ti fọ ọwọ́ sí. Ìkẹtàlélógún dá lórí ẹran tí wọ́n jẹ jẹ jẹ tí kò ṣeé gbé mì, tí wọ́n wá tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Arínpé ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ ẹran náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, nítorí òfin ò gbà kí ẹ̀rọ bá ènìyàn kọ èsì. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó dìde lọ fọ ọwọ́. Ó ti fọ ọwọ́ nígbà mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ó kọ pé kí wọ́n gé e dànù.

"Mo ti rí i," ni Akọ́lé wí. "Tí a bá ń gé ojú eyín kúrò, ìdá kan nínú mẹ́jọ iyán náà yóò ṣòfò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ló ń jẹun ní Ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú wọn ò ní rí iyán jẹ. Ṣé kí n ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Arínpé pa á rẹ́. Ó kọ pé kí wọ́n pò ó mọ́ ìyókù.

Ẹ máà tíì bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Alálàkalẹ̀ ni wọ́n ń pè é nílùú Àtúntẹ̀dó, ọmọ ìlú kò sì sí tí kì í bọ̀wọ̀ fún alálàkalẹ̀. Akọ́lé ló ń kọ gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìlú ró: ti omi, ti iná, ti ilẹ̀kùn, ti ìkòkò ọbẹ̀. Ènìyàn ò kọ ọ́ mọ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ kọ ọ́, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún ọmọ aráyé ni kó jókòó, kó ro nǹkan tó ń fẹ́ dáadáa, kó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kó sì dáhùn gbogbo ohun tí Akọ́lé bá bi í, kó tó di pé Akọ́lé fọwọ́ kan iṣẹ́.

Lára ògiri ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé irin kan kọ́ tó ti tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Ara ilẹ̀kùn omi àtijọ́ ni. Láyé àwọn tó ṣáájú, wọ́n kàn ń pàṣẹ fún Akọ́lé ni. Wọ́n ní kó ṣe ilẹ̀kùn kan fáwọn, èyí tó máa ti ara rẹ̀ nígbàkígbà tí òkun bá ń bọ̀. Akọ́lé ṣe é kí wọ́n tó pajú. Òkun bọ̀, ilẹ̀kùn sì ti ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wò bóyá ó ku ènìyàn lóde. Àwọn tó wà lóde náà ló fi ọwọ́ tẹ irin yẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣe é lófin pé bó ti wù kí nǹkan kéré mọ, Akọ́lé gbọ́dọ̀ bèèrè, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ dáhùn.

Àfikún tuntun sí ètò ìdáná tí wọ́n gbé fún Arínpé lọ́tẹ̀ yìí, Àtúnsè lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dáná nílé ara rẹ̀ ní Àtúntẹ̀dó. Ẹni tí wọ́n bá ká iná mọ́ lọ́wọ́, ìta ìlú ni yóò sùn. Ilé Ìdáná méjì ló ń bọ́ gbogbo wọn, ọ̀kan ní Òkè, ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀. Lọ́dún náà, omi iyọ̀ wọ oko, iṣu jẹrà nínú ebè. Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì rí ọgbọ́n kan dá. Ẹ wo ọgbọ́n: láti ọjọ́ Ẹtì, iṣu tuntun kan kò ní sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn ará Òkè bá jẹ kù sínú àwo ni yóò máa gba inú páìpù lọ sísàlẹ̀, wọn yóò tún un sè, wọn yóò sì bù ú fún àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn nígbà tí wọ́n dábàá rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí Arínpé sí. Ìdánwò ló gbé e gòkè. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Sẹ̀gilọlá, tó tọ́ ọ láti kékeré tí ìyá rẹ̀ ti kú, ṣì wà níbẹ̀, ó ń lọ sí ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Màámi ni Arínpé ń pè é. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti àárọ̀ nìyẹn. Gbogbo èsì tó ń kọ, ẹnu Màámi ló ń rí.

Lẹ́yìn ìbéèrè ogójì, Akọ́lé sinmi díẹ̀. Kì í rẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn kọ́ ọ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má baà dá àwọn ènìyàn lágara. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ó ku ẹyọ kan.

"Ìbéèrè kọkànlélógójì. Ẹni tó máa jẹ oúnjẹ yìí, ṣé kí a sọ fún un?"

Kí Arínpé tó mú kálámù, Ọ̀gá Ògúnṣakin ti wọlé. Òun ló ń ṣàkóso gbogbo alálàkalẹ̀ Òkè, ọkùnrin tó sanra níwọ̀n, tó máa ń wọ aṣọ funfun, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́nu. Kò tiẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Ó jókòó síwájú Arínpé, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí tábìlì, tábìlì sì la ẹnu, ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹja jáde fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ó fa orí ẹja títí omi fi tán lára rẹ̀, ó tu egungun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán. Ó gé òkèlè kan, ó bù ú jẹ, ó wò ó pé ó ti tóbi jù, ó sì dá ìdajì rẹ̀ padà. Ó lá ìka, ó ti ìka kan náà bọ inú ọbẹ̀. Ó húkọ́. Gbogbo ìgbà yìí, ó ń sọ̀rọ̀ nípa bí oorun òun kò ṣe dára mọ́. Arínpé kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwo náà ló ń wò.

Nígbà tó yó, ó ti àwo síwájú. Iyán kù, ọbẹ̀ kù, egungun wà nínú rẹ̀, itọ́ rẹ̀ ń dán lórí gbogbo rẹ̀. Tábìlì tún la ẹnu, ó gbé e mì. Ọdún mọ́kànlá ni Arínpé ti ń jẹun lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé níbo ni àwo ń lọ. Wàyí o, ó mọ̀. Òun ló ya ọ̀nà tí yóò gbà sórí ìwé, títí dé orí kọ̀nà tí páìpù ti ṣẹ́rí sí ọ̀nà Ìsàlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ń yán.

"Ó ku mélòó?" ni Ọ̀gá Ògúnṣakin bi í.

Ó ní ó ku ẹyọ kan. Ó ka ìbéèrè náà fún un. Ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù, ó nu ẹnu, ó wá rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ọmọdé bá bi bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Arínpé, o ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tí o bá kọ pé kí wọ́n má sọ, ìwọ lo parọ́. Tí o bá kọ pé kí wọ́n sọ, ìwọ lo dá ìjà sílẹ̀. Tí o bá fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan."

Àṣà ọ́fíìsì wọn nìyẹn, àṣà burúkú náà nìyẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí alálàkalẹ̀ bá fi sílẹ̀ ní àlàfo, Akọ́lé yóò fi ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe dí i. Àlàfo kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọn á ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Bí wọ́n bá bi ẹ̀rọ, á ní wọn ò sọ fún òun. Àwọn alálàkalẹ̀ àgbà á máa fi yangàn pé àwọn mọ ibi tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́ sí. Nínú gbogbo ìwé tó wà ní àjà ọ́fíìsì yẹn, ẹ ṣí èyí tó bá wù yín. Ibi tó bá rùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà, àlàfo lẹ máa bá níbẹ̀.

Arínpé pẹ̀lú ti fi àlàfo sílẹ̀ rí. Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Wọ́n ń ṣe àlàkalẹ̀ ìwọ̀n oúnjẹ, Akọ́lé bi í pé kí ni kí òun ṣe fún ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní kò burú, kí ẹ̀rọ wò ó ṣe. Akọ́lé wò ó, ó rí i pé àwọn àgbà sábà máa ń jẹ díẹ̀, ó sì gé oúnjẹ wọn sí ìdajì. Oṣù márùn-ún ni ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀. Ìgbà tí Arínpé lọ kí Màámi ló rí i pé egungun èjìká rẹ̀ ti yọ lábẹ́ bùbá. Màámi ní ara òun le, ó ní oúnjẹ kàn ti ń kéré ni, ìlú le. Arínpé lọ tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sọ fún ẹnì kankan pé ọwọ́ òun ló ti wá. Títí di òní kò tíì sọ ọ́ fún Màámi.

Ó wá sọ fún Ọ̀gá Ògúnṣakin pé òun kò ní fi sílẹ̀. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ó fi "ẹ jọ̀wọ́ sà" kún un. Ọ̀gá wò ó títí. Ó rán an létí pé ẹni tó bá kọ àlàkalẹ̀ ni yóò tọ́ ọ wò lójú gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó ní bí àwọn ará Ìsàlẹ̀ bá fárígá, ojú rẹ̀ ni wọn yóò rí, kì í ṣe ojú òun. Ó tún ní kó rántí pé bí Ìtọ́wò bá bàjẹ́, tí ẹni tó ń tọ́ ọ wò kò gbé e mì, àlàkalẹ̀ ti kú nìyẹn, Ìgbìmọ̀ kò sì ní jókòó mọ́ títí oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò ní sí iṣu, kò ní sí àtúnsè. Ìkòkò Ìsàlẹ̀ yóò ṣófo.

"Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ènìyàn," ni Ọ̀gá wí, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù.

Nígbà tó lọ tán, Arínpé gbé kálámù. Ó kọ ọ́ pé: Sọ fún un.

Kò ya Akọ́lé lẹ́nu. Nǹkan kì í ya Akọ́lé lẹ́nu. Ó bèèrè ọ̀rọ̀ tí àwo tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí yóò sọ, bóyá kó pariwo tàbí kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bóyá kó sọ ọ́ kí ènìyàn tó bù ú jẹ tàbí lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán. Arínpé ní kó sọ ọ́ kó tó jẹ ẹ́, kó sì sọ ọ́ kó yé ni. Ọ̀rọ̀ gan-an ló wá gba àkókò. Ó kọ́kọ́ kọ "àjẹkù". Ó wò ó. Ó rí i pé ó burú lójú, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: Oúnjẹ yìí ti wà nínú àwo ẹlòmíràn ní Òkè. A tún un sè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó tiẹ̀ gbé ife omi tó ti gbé kalẹ̀ láti àárọ̀, ó mu ún. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní bí mo bá kú lónìí, wọn ò ní lè sọ pé mo dákẹ́.

Ó gbé ìwé náà lọ fún Ọ̀gá Ògúnṣakin, ó ti múra ìjà. Ọ̀gá kà á, ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú. Ó ní bóyá ó tiẹ̀ sàn bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lẹ́yìn ọ̀la, wọ́n á lè fi hàn pé wọ́n ti sọ fún un kó tó fẹnu kàn án. Ó na ọwọ́, ó gbọn Arínpé lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ṣì ń yọ̀ fún epo. Arínpé nu tirẹ̀ mọ́ ara aṣọ. Kí ó tó rìn dé ìdí tábìlì tirẹ̀, Akọ́lé ti kọ gbogbo ètò náà tán, ó ti dán an wò, ó ti gbé e sínú ìkòkò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lọ́sàn-án gangan, Arínpé bá lífíìtì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀. Aṣojú Ìgbìmọ̀ kan bá a lọ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò sọ̀rọ̀, tó ti fi aṣọ bo imú kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Gbọ̀ngàn ìjẹun kún dẹ́nu. Oníkálukú gbé àwo rẹ̀ sábẹ́ abíyá, iná pupa kékeré ń tàn létí àwo kọ̀ọ̀kan. Bí iná náà bá di àwọ̀ ewé, Ìtọ́wò yege nìyẹn, oúnjẹ ti di ti gbogbo ìlú. Ìyá Sẹ̀gilọlá ló wà lókè ìlà, nítorí ẹni tó dàgbà jù lọ nínú ìlà ló máa ń dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí Ìtọ́wò. Ó rí Arínpé, inú rẹ̀ dùn. Arínpé kúnlẹ̀ kí i. Màámi bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó ní ó ti rù, ó ní ṣé wọn ò fún un lóúnjẹ ní Òkè ni.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé òórùn ọbẹ̀ náà dùn. Akọ́lé ti ṣe é dáadáa. Ata jiná, irú wà níbẹ̀, iyán funfun báláú nínú àwo tí wọ́n bù fún Arínpé, bí ẹni pé inú odó ló ti ń bọ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu àwọn tó dúró. Láti ìjẹta ni oúnjẹ ò ti kárí ní Ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wà nínú ìlà kò ké, wọ́n kàn tẹjú mọ́ ìkòkò. Arínpé, tó mọ ibi tí ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn ti kọjá, kò lè wo ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣojú Ìgbìmọ̀ mi orí sí i. Arínpé fi àtàǹpàkò tẹ àwo tirẹ̀.

"Oúnjẹ yìí ti wà nínú àwo ẹlòmíràn ní Òkè," ni àwo wí, ohùn rẹ̀ sì já gaara dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "A tún un sè."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láti ẹ̀yìn, ọ̀kan ń bi èkejì pé kí ló sọ. Obìnrin kan nínú ìlà tu itọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rà á. Màámi ń wo iyán, ó ń wo Arínpé.

"Ìwọ lo ní kó máa sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Màámi." Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu Arínpé láti ọjọ́ yẹn, ó sì sáré jáde. "Wọn ò fẹ́ kó sọ ọ́. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Èmi ni mo kọ̀."

"O ṣeun," ni Màámi wí, ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó yí àwo rẹ̀ sápá kejì. "Wọ́n ní ẹ̀rọ yín kì í ṣe nǹkan kan láìbèèrè. Ìbéèrè mélòó ló bi ọ́ lórí eléyìí?"

"Mọ́kànlélógójì ni, mà."

"Èwo nínú rẹ̀ ló fi bi ọ́ pé ṣé kí ẹ ṣe é rárá?"

Arínpé bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìbéèrè náà lọ́kàn láti orí èkíní, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Akọ́lé kì í bèèrè ìyẹn. Bí wọ́n yóò ṣe ṣe nǹkan ni Akọ́lé máa ń bèèrè. Bóyá kí wọ́n ṣe é, ènìyàn ni wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún, ẹni tó jẹ́ alálàkalẹ̀, kó tó jókòó, kó tó ṣí ìwé. Òun kò bèèrè. Kò tiẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó ti lo odidi ọjọ́ kan pẹ̀lú ojú eyín àti egungun ẹja àti ìwọ̀n omi gbígbóná, ó jà fún gbólóhùn méjì, ó sì rò pé òun ti jà.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, Arínpé," ni Màámi wí. Kò jágbe. Bí ẹni ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ló sọ ọ́.

Aṣojú Ìgbìmọ̀ húkọ́ lábẹ́ aṣọ tó fi bo imú, ó ní àkókò ń lọ. Arínpé gé òkèlè. Ó tì í bọ ọbẹ̀, ó fi í sẹ́nu. Ẹnu tó bá kún kì í dáhùn ọ̀rọ̀. Ó dùn, ó sì gbóná. Ahọ́n rẹ̀ wá kan nǹkan wẹ́wẹ́ kan nínú ọbẹ̀ náà, egungun tí wọn ò lọ̀ kúnná tó, ó sì rí Ọ̀gá Ògúnṣakin àti orí ẹja rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó.

Bó bá tu ú dànù, àlàkalẹ̀ kú. Kò ní sẹ́ni tó máa jẹ itọ́ ẹlòmíràn ní Ìsàlẹ̀, kò sì ní sẹ́ni tó máa jẹ nǹkan kan. Bó bá gbé e mì, òfin dé, ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò máa jẹ ẹ́. Ó gbé ojú sí Màámi. Nígbà tó wà ní kékeré, tó bá he nǹkan nílẹ̀ sẹ́nu, Màámi á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, á ní tu ú, tu ú síbí, kíákíá. Ohun tó ń wá lójú rẹ̀ nìyẹn. Kó sáà tẹ́ ọwọ́. Kó ní kó tu ú, òun á tu ú, ohun tó bá gbẹ̀yìn rẹ̀, kó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Màámi bojú wẹ̀yìn. Ó wo ìlà, ó wo àwọn ọmọdé tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yí padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo rẹ̀ mú, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó bá ti Òkè wá.

"Ẹ gbé e mì, ọ̀gá," ló wí. "Ebi ń pa àwọn ọmọ."

Arínpé gbé e mì.

Iná etí àwo rẹ̀ di ewé. Ti Màámi di ewé, ti ẹni tó tẹ̀ lé e di ewé, títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà, ohun kan náà. Àwọn kan mú tiwọn, wọn ò dúró gbọ́ ọ. Màámi dúró gbọ́ tirẹ̀ dópin. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí Arínpé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Akọ́lé sọ̀rọ̀ létí Arínpé, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kó má bínú, ó ku kí òun ti ìwé náà. Ó bi í bóyá àfikún náà ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́.

Arínpé wo ẹ̀yìn Màámi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.